Ẹsẹ̀ Tí Kò Dun Ẹni: Ìtọ́jú Ojoojúmọ́ fún Ẹni Tó Ní Àtọ̀gbẹ ní Adó-Èkìtì àti Agbègbè Rẹ̀

    

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé. Kí ni yóò mú kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ máa yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, kí ó sì máa tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́, fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ẹsẹ̀ náà kò dùn ún rárá? Èsì tí a óò gbè lẹ́sẹ̀ níbí ni pé ìmọ̀ nìkan kò tó, ìbẹ̀rù náà kò sì tó. Ìtọ́jú tó ń pẹ́ ni èyí tí a so mọ́ ohun tí ẹni náà ti ń ṣe lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, tí ẹlòmíràn nínú ilé mọ̀ sí, tí ohun èlò rẹ̀ kò sì jìnnà sí ọwọ́.

1. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀

Àtọ̀gbẹ ni àìsàn tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fi ń ga ju bó ṣe yẹ lọ fún ìgbà pípẹ́, yálà nítorí pé ara kò ṣe ínsúlínì tó, tàbí nítorí pé èyí tí ara ń ṣe kò ráyè ṣiṣẹ́. Ìtọ̀ ṣúgà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Àwọn mìíràn a kàn sọ pé ṣúgà àwọn ti lọ sókè. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ìwádìí káàkiri Nàìjíríà jọ, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2018, ìdá 5.77 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni wọ́n rí pé ó ní in, èyí tó túmọ̀ sí ohun tó ju mílíọ̀nù 11 ènìyàn lọ. Kò sí àdúgbò kan ní Adó, láti Òkèṣà dé Àjílósùn, tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sí.

Egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ ni egbò tó la awọ ẹsẹ̀ já, láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sílẹ̀, lára ẹni tí àtọ̀gbẹ ti dín ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ kù tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa mọ́. Apá kejì ìtumọ̀ yìí ló ṣe kókó. Ẹni tí ìmọ̀lára rẹ̀ pé, bí ìṣó bá gún un lẹ́sẹ̀, yóò pariwo, yóò yọ ọ́, yóò máa tiro títí yóò fi san. Ìtiro yẹn gan-an jẹ́ apá kan ìwòsàn, nítorí pé ó gbé ìwúwo ara kúrò lórí ojú ọgbẹ́. Ẹni tí ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ kì í tiro. Yóò máa fi ìwúwo ara rẹ̀ tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá gbé ẹsẹ̀, ọgbẹ́ kékeré yóò sì di egbò tó jìn.

Ìṣesí, nínú ọ̀rọ̀ yìí, ni ohun tí a lè fojú rí pé ẹnì kan ń ṣe: ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lánàá, tàbí kò wò ó. Ìpinnu tí ẹni náà ṣe nínú ọkàn rẹ̀ lọ́jọ́ tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà kò tí ì di ìṣesí. Ìṣesí tó tọ́jọ́ sì ni èyí tó ti mọ́ni lára tó bẹ́ẹ̀ tí kò gba ìrònú tuntun mọ́. Ẹni tó ń fọ ẹnu láàárọ̀ kì í jókòó gbèrò bóyá òun yóò fọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni àyẹ̀wò ẹsẹ̀ ní láti dé.

2. Bí egbò ṣe ń dé

Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀ a máa ba àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára jẹ́. Àwọn tó gùn jù lọ ló kọ́kọ́ ń fọwọ́ bà, ìyẹn àwọn tó dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹsẹ̀ a máa ta, a máa jó, pàápàá lóru. Àwọn mìíràn a ní bí àwọn bá ń rìn, ó dà bí ẹni ń tẹ òwú. Ìrora yẹn ló ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìrora náà lè dáwọ́ dúró, ẹni náà a sì dúpẹ́ pé ara ti yá. Nígbà mìíràn ó jẹ́ pé iṣan náà ló ti kú, ewu sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ìbàjẹ́ iṣan yìí ń ṣe ohun méjì mìíràn. Ó ń mú kí àwọn ẹran ara kéékèèké inú ẹsẹ̀ rọ, ọmọ ìka a sì máa ká kò, ìwúwo ara a wá kó sórí ibì kan ṣoṣo lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Awọ ibẹ̀ a le gbagidi, ẹran abẹ́ rẹ̀ a sì máa fọ́ láìhàn síta. Èkejì ni pé ẹsẹ̀ kì í làágùn dáadáa mọ́, awọ a wá gbẹ. Bí ọyẹ́ bá dé sórí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, gìgísẹ̀ a sán, ojú ibi tó sán a sì di ẹnu ọ̀nà fún kòkòrò àrùn. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá tún ti dín, tí ẹ̀jẹ̀ tuntun kò ráyè dé ibẹ̀, ohun tó yẹ kó san lọ́sẹ̀ méjì yóò wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Ohun tó ń dá ojú ọgbẹ́ náà sílẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan kékeré. Bàtà tuntun wà lára wọn. Ẹnì kan ra bàtà tó bá aṣọ ẹbí mu fún òkú àgbà tí wọ́n fẹ́ sin ní Ìyìn tàbí Ìfàkì lọ́jọ́ Sátidé. Ó wọ̀ ọ́ láti àárọ̀, ó dúró nínú ìsìn, ó bá wọn jó, ó bá wọn gbé abọ́ oúnjẹ kiri. Alẹ́ ni ó bọ́ bàtà, tí ó rí i pé ìbọ̀sẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ sí i. Kò mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti omi gbígbóná tí wọ́n fi ń jó ẹsẹ̀ nígbà tí ó bá rẹni: ọwọ́ ẹni tó gbé omi náà wá lè sọ pé ó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan sì bó nínú rẹ̀. Àlejò tó bá lọ sí Ìkọ̀gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, kí ó fi ọwọ́ tọ́ omi wò kí ó tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, bó bá jẹ́ pé ó ní àtọ̀gbẹ.

Eku náà wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé eku a máa fẹ́ atẹ́gùn sí ibi tó ń jẹ kí onítọ̀hún má baà jí. Bí fífẹ́ bá wà, bí kò sì sí, ẹsẹ̀ tí ìmọ̀lára rẹ̀ ti lọ kò nílò rẹ̀ kí ó tó sùn fọnfọn. Àwọn dókítà ní Dar es Salaam ní Tanzania ti kọ̀wé nípa àwọn aláàtọ̀gbẹ tí eku jẹ ní ẹsẹ̀ lóru tí wọn kò sì mọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìdí nìyí tí àgọ́ ẹ̀fọn tí a ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ibùsùn fi ń ṣe iṣẹ́ méjì.

3. Ìdí tí ìmọ̀ àti ìbẹ̀rù kò fi tó

Láàárín 2016 sí 2017, àwọn oníṣègùn ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́fà ní Nàìjíríà tẹ̀ lé ènìyàn 336 tí egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ gbé wá. Ìdá 25.9 péré nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ti gbọ́ nípa ìtọ́jú ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdajì wọn ti gbé egbò náà fún ọjọ́ 39 ó kéré tán kí wọ́n tó dé ọsibítù, egbò ìdá 79.2 nínú ọgọ́rùn-ún sì ti jìn gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò dùn ún gbọ́: wọ́n gé ẹsẹ̀ tàbí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ìdá 35.4, ìdá 20.5 sì kú. Ní Èkìtì níbí, àyẹ̀wò ìwé àkọsílẹ̀ ọdún márùn-ún ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, fi egbò ẹsẹ̀ sí ara ohun tó ń gbé aláàtọ̀gbẹ dùbúlẹ̀ ní ọsibítù.

Ẹni tó bá ka iye yẹn yóò kọ́kọ́ rò pé ẹ̀kọ́ ni oògùn rẹ̀. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kò bá gbọ́ rí, kí a sọ fún wọn. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí a sọ. Ṣùgbọ́n ní 2014, àwọn onímọ̀ láti Netherlands kó ìwádìí 12 jọ fún àjọ Cochrane, lórí bóyá kíkọ́ aláàtọ̀gbẹ ní ìtọ́jú ẹsẹ̀ ń dín egbò kù. Wọ́n rí i pé ìmọ̀ àwọn ènìyàn pọ̀ sí i, ìṣe wọn náà sì dára sí i fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rí pé ẹ̀kọ́ nìkan dín egbò tàbí ẹsẹ̀ gígé kù kò tó. Ọ̀rọ̀ "fún ìgbà díẹ̀" yẹn ni kí a dì mú. Àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n ṣe é, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Ìrora ló ń rán ẹ̀dá létí láti tọ́jú ara. Ẹni tí eyín ń dùn kì í gbàgbé eyín rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò dun ẹni kì í pe ẹni. Ẹni tó bá wò ó fún oṣù kan tí kò rí nǹkan kan yóò rò pé òun ń fi àkókò ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ sì ni àìrí nǹkan kan yẹn ni èrè iṣẹ́ náà.

Ìbẹ̀rù a tún máa ṣiṣẹ́ òdì. Àwòrán ẹsẹ̀ tó ti jẹrà tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri lè mú kí ènìyàn gbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù pé wọn yóò gé òun lẹ́sẹ̀ ń bà a máa fi egbò pamọ́. Yóò tú oògùn inú kápúsù dà sí ojú egbò, yóò fún ewé Akíntọ́lá lé e, yóò gbọ́ pé lámọ̀rín kan ní àgbo kan ní Ìlawẹ̀, yóò sì lọ. Ewé Akíntọ́lá dá ẹ̀jẹ̀ dúró fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí àdá bù lọ́wọ́ lóko. Ojú egbò tí ọyún ti wà lábẹ́ rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì ṣàn dé, kọjá agbára rẹ̀. Láàárín gbogbo ìyẹn ni ọjọ́ 39 fi ń pé. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí ìtọ́jú ẹsẹ̀ pẹ́ kò gbọdọ̀ fi ojú ti ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ gígé ṣe ìhàlẹ̀.

4. Síso ìtọ́jú mọ́ ohun tí a ti ń ṣe

Bí ìmọ̀ kò bá tó, kí ni ó kù? Ní University College London, Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ènìyàn 96 yan ohun kékeré kan tí wọn yóò máa ṣe lójoojúmọ́ lẹ́yìn ohun kan tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, bíi lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ọjọ́ 66 ni ìwọ̀n àárín ohun tó gbà kí nǹkan náà tó mọ́ wọn lára. Ó yá fún àwọn kan, wọ́n lo ọjọ́ 18. Fún àwọn mìíràn, ìṣirò fi í sí ọjọ́ 254. Wọ́n tún rí i pé bí ènìyàn bá fo ọjọ́ kan, kò ba iṣẹ́ náà jẹ́. Peter Gollwitzer, onímọ̀ ìrònú ọmọ Jámánì, ti fi hàn ṣáájú, ní 1999, pé ẹni tó bá sọ ìgbà àti ibi tí òun yóò ti ṣe nǹkan máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn sọ pé òun yóò ṣe é lọ.

Èyí já sí pé "máa wo ẹsẹ̀ rẹ lójoojúmọ́" kì í ṣe ìmọ̀ràn tó pé. Ìgbà wo? Níbo? Lẹ́yìn kí ni? Ilẹ̀ Èkìtì kò ṣaláìní ohun tí a lè so ó mọ́.

Mùsùlùmí tó ń kírun ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ti ń fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Nínú àlùwàlá, ìka ọwọ́ ń gba àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjá. Ìka yẹn gan-an lè jẹ́ ayẹ̀wò: ó lè mọ ibi tó gbóná ju ibòmíràn lọ, ibi tó wú, ibi tí ọ̀rinrin wà tí kò yẹ kó sí. Kí ẹni náà yan ìrun kan, kí ó sì fi wíwo àtẹ́lẹsẹ̀ kún àlùwàlá tirẹ̀. Ìrun alẹ́ ló dára jù, nítorí pé ohun tí ojúmọ́ ti fi ṣe ẹsẹ̀ ti hàn nígbà náà. Kí táwẹ́ẹ̀lì kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tù àlùwàlá láti fi nu àárín ọmọ ìka gbẹ, nítorí omi tó bá dúró síbẹ̀ ń mú kí awọ rà.

Ẹni tí kì í ṣe àlùwàlá ní ìwẹ̀ alẹ́ àti àdúrà tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó sùn. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ohun mìíràn tún wà tí kì í yẹ̀: odó iyán. Bí odó bá ti ń dún ní ìrọ̀lẹ́, àgbàlagbà tí kì í gún iyán mọ́ á jókòó, kò ní nǹkan kan tó ń ṣe. Ìjókòó yẹn ni ìgbà àyẹ̀wò ẹsẹ̀. Kí ó sọ ọ́ síta fún ará ilé pé: "Bí odó bá ti dún, n ó bọ́ bàtà, n ó wo ẹsẹ̀ mi." Iye iyán tó yẹ kí aláàtọ̀gbẹ jẹ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí aago tó dára ju ìró ọmọ odó lọ nílẹ̀ yìí.

Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ló ń gbà. A ó gbé ẹsẹ̀ kan lé orúnkún kejì, a ó wo àtẹ́lẹsẹ̀, gìgísẹ̀, àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan, àti ẹ̀gbẹ́ èékánná. Bí kò bá ṣeé gbé, kí dígí kékeré wà nílẹ̀, tàbí kí a fi fóònù ya àtẹ́lẹsẹ̀ kí a sì fẹ̀ ẹ́ wò. Tọ́ọ̀ṣì fóònù náà wúlò nígbà tí iná bá lọ. Ohun tí a ń wá ni ìléròrò, ibi tó pọ́n tàbí tó dúdú sí i, awọ tó le, ibi tó sán, omi tàbí ọyún, àti òórùn. Lẹ́yìn náà, kí a fi òrí tàbí àdín àgbọn ra gìgísẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀, kí a má fi sí àárín ọmọ ìka. Kí dígí, òrí àti táwẹ́ẹ̀lì wà pọ̀ nínú agbọ̀n kékeré kan níbi tí ẹni náà ń jókòó sí. Bí ó bá ní láti dìde lọ wá dígí nínú yàrá, kò ní pẹ́ tí yóò fi dáwọ́ dúró.

Èékánná tún gba ọ̀rọ̀ díẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó ń kiri ọjà Adó, tí wọ́n ń fi sísọ́ọ̀sì dún kẹ́kẹ́kẹ́, mọ iṣẹ́ wọn, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ọwọ́ wọn mọ́. Abẹ kan náà ni wọ́n sì ń fi fá gìgísẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Aláàtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fi réésà fá awọ tó le fúnra rẹ̀. Kí èékánná jẹ́ gígé lọ́gbọọgba, láìgé igun rẹ̀ wọlé. Nọ́ọ̀sì ni kí ó wo awọ tó le.

5. Bàtà, nínú ilé àti lóde

Ní Netherlands, wọ́n fún ènìyàn 107 tó ti ní egbò rí ní bàtà àkànṣe, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kékeré mọ ìgbà tí wọ́n ń wọ̀ ọ́. Lóde, wọ́n wọ̀ ọ́ fún ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ìrìn wọn. Nínú ilé, ìdá 61 péré ni, bẹ́ẹ̀ sì ni inú ilé ni wọ́n ti rìn jù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ níbi tí òtútù ti ń lé ènìyàn wọ bàtà, àìwọ bàtà nínú ilé yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ ní Èkìtì, níbi tí a ti ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà nítorí ìmọ́tótó àti ọ̀wọ̀. Àṣà tó dára ni. Ohun tó yẹ ni bàtà kejì, tí kì í jáde síta rárá, tí ó bo ọmọ ìka, tí ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ láàárọ̀ kí ó tó wọ inú rẹ̀. Ohun tí a óò so ó mọ́ ni jíjí fúnra rẹ̀.

Ilé ìsìn ni ìṣòro tó le jù níbí. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run kò fàyè gba bàtà nínú ilé àdúrà, ọ̀pọ̀ ìjọ Kérúbù àti Séráfù náà rí bẹ́ẹ̀, mọ́ṣáláṣí sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í gbé bàtà wọ ibẹ̀. Kò sí ìdí kankan láti bá ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jà. Ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, funfun, tí kò ní ojú rírán líle nínú, yóò dáàbò bo ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ símẹ́ǹtì láìba ìsìn jẹ́, bí àwọn olórí bá fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ tí wòlíì tàbí lémọ́ọ̀mù bá sọ lẹ́ẹ̀kan ní gbangba lórí èyí yóò dé etí tí ìwé ìléwọ́ ọsibítù kò lè dé, yóò sì mú ìtìjú kúrò lójú ẹni tó bá wọ ìbọ̀sẹ̀.

Àgbẹ̀ tó ń lọ sí oko ìrẹsì ní Ìgbẹ́mọ tàbí oko kòkó nílò bàtà tó bo ẹsẹ̀, kì í ṣe sálúbàtà ọlọ́mọ-ìka. Bàtà ròbà dára fún ejò àti kùkùté, ṣùgbọ́n ó ń mú ẹsẹ̀ móoru, nítorí náà kí ìbọ̀sẹ̀ òwú wà nínú rẹ̀, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá rin. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ bàtà, kí ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí ó sì gbọ̀n ọ́n nù ná: òkúta, ìṣó, ìdérí ìgò, gbogbo wọn ni wọ́n ti bá nínú bàtà aláàtọ̀gbẹ tó ti fi wọ́n rìn láti àárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí a máa ra bàtà, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Kí a wọ bàtà tuntun fún wákàtí kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nínú ilé, kí a bọ́ ọ, kí a wo ẹsẹ̀. Ti òde ìsìnkú yẹn, kí bàtà àtijọ́ tó ti rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ wà nínú báàgì.

6. Ojú kejì

Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àtọ̀gbẹ tó ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́ lè ti ba ojú náà jẹ́; ikùn lè tóbi tí kò ní jẹ́ kí ènìyàn tẹ̀; orúnkún àgbà lè kọ̀ láti ká. Ìtọ́jú tó wà lọ́wọ́ aláìsàn nìkan yóò dópin lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá kọ̀. Nítorí náà, ẹnì kejì jẹ́ apá kan èsì ìbéèrè wa. Ó lè jẹ́ ìyàwó tàbí ọkọ, ó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Ọ̀nà tí a ń gbà sọ ọ́ ṣe pàtàkì. Àgbà kò fẹ́ kí ọmọ bá òun wí lórí ẹsẹ̀ òun, bàbá sì lè tijú láti na àtẹ́lẹsẹ̀ sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé ẹ ti wo ẹsẹ̀ yín?" dún bí ìbéèrè ọlọ́pàá. "Màmá, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín wá kí n bá yín fi òrí pa á" dún bí ìtọ́jú, ó sì fún ọmọ náà ní àyè láti wo gbogbo ibi tó yẹ kó wò.

Ará ilé náà lè mọ bóyá ìmọ̀lára ti ń lọ, láìlo ohun èlò kankan. Gerry Rayman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Ipswich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní 2011. Aláìsàn yóò di ojú. Ẹnì kejì yóò fi orí ìka ọwọ́ rẹ̀ kan orí àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ọmọ ìka tó wà láàárín, àti èyí tó kéré jù, lẹ́sẹ̀ méjèèjì, fún ìṣẹ́jú-àáyá kan sí méjì, láìtẹ̀ ẹ́, láìfọwọ́ ra á. Ibi mẹ́fà ni. Bí aláìsàn kò bá mọ̀ ọ́n ní ibi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìmọ̀lára ti dín kù, ó sì yẹ kí wọ́n lọ sọ fún dókítà.

7. Ipa ti ilé ìwòsàn

Adó-Èkìtì ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ó ní ti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá, Ìdó-Èkìtì sì ní ti ìjọba àpapọ̀. Ilé ìlera alábọ́ọ́dé sì wà káàkiri. Ẹ̀kọ́ tí aláìsàn ń gbà níbẹ̀ ju ohun tí wọ́n fi ẹnu sọ lọ. Bí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá wá, yóò gbà pé ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe pàtàkì. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ pé kí ó bọ́ bàtà rí, yóò gbà pé ẹsẹ̀ kò ṣe pàtàkì, ohun yòówù tí ìwé ìléwọ́ lè wí. Nítorí náà, ìṣesí òṣìṣẹ́ ìlera náà ní láti yí padà, lọ́nà kan náà: kí bíbọ́ bàtà di ohun tí a so mọ́ wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí aláìsàn bọ́ ọ lórí bẹ́ǹṣì kí ó tó wọlé.

Ìlànà àgbáyé lórí ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ, tí wọ́n tún ṣe ní 2023, pín àwọn ènìyàn sí ìpele. Ẹni tí ìmọ̀lára àti ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kí òṣìṣẹ́ ìlera yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tí ọ̀kan nínú méjèèjì ti dín kù, oṣù mẹ́fà sí méjìlá. Bí méjèèjì bá dín kù, tàbí tí ẹsẹ̀ ti yí padà ní ìrísí pẹ̀lú ọ̀kan nínú wọn, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ẹni tó ti ní egbò rí, oṣù kan sí mẹ́ta. Okùn ọ̀rá tín-ín-rín tó ń tẹ̀ ní ìwọ̀n gíráàmù 10 ni wọ́n fi ń yẹ ìmọ̀lára wò.

Tanzania fi hàn pé èyí ṣeé ṣe níbi tí owó kò pọ̀. Láti 2003, Zulfiqarali Abbas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dar es Salaam ń kọ́ dókítà kan pẹ̀lú nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, wọ́n fún wọn ní ohun èlò, wọ́n sì rán wọn padà láti kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ẹsẹ̀ gígé dín kù níbẹ̀. Ohun tí Èkìtì lè mú nínú rẹ̀ ni pé ènìyàn méjì ni wọ́n ń kọ́ pọ̀, kí iṣẹ́ má baà kú bí ọ̀kan bá gba ìyípadà ibi iṣẹ́.

Ọjọ́ 66 inú ìwádìí Lally yẹn tún kan ilé ìwòsàn. Ìpàdé tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ sábà máa ń wà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ sì ni ìṣe tuntun lè ti kú kí oṣù méjì àkọ́kọ́ tó pé. Ìpè fóònù kan lọ́sẹ̀ kejì àti òmíràn lọ́sẹ̀ kẹfà, tí nọ́ọ̀sì fi béèrè pé "Kí ni ẹ so ó mọ́? Ṣé ó ṣì ń lọ?", kò ná ohun púpọ̀.

8. Nígbà tí ìṣe bá já

Yóò já. Ọyẹ́ yóò dé, ìkórè yóò dé, ẹni náà yóò lọ kí ọmọ ní Èkó fún oṣù kan níbi tí odó kò sí. Ó yẹ kí a ti sọ èyí fún un ṣáájú, kí ó má baà rò pé òun ti kùnà. Fífo ọjọ́ kan kò ba nǹkan jẹ́; ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ohun tí a so ó mọ́ ti lọ, tí a kò sì wá òmíràn. Nítorí náà, kí ẹni tó ń rìnrìn àjò ti mọ ohun tí yóò dípò odó níbi tó ń lọ: ìròyìn alẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, tàbí oògùn alẹ́. Kí agbọ̀n kékeré náà bá a lọ.

Bí àyẹ̀wò bá sì rí ojú ọgbẹ́, bó ti wù kó kéré tó, ìlànà rẹ̀ kò pọ̀. Kí wọ́n fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi aṣọ ìwégbò tó mọ́ bò ó, kí ẹni náà má ṣe fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, kí ó sì dé ilé ìwòsàn láàárín ọjọ́ kan. Bí ẹsẹ̀ bá wú, tó pọ́n, tó gbóná, tó ń rùn, tàbí tí ara gbóná, kí ó lọ lójú ẹsẹ̀. Wọn kò ní gé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nítorí ìléròrò tó gbé wá lọ́jọ́ kejì.

Ẹni tí egbò rẹ̀ ti san ni ó kàn, òun sì ni a sábà máa ń gbàgbé. Nínú irú wọn 100, bí 40 ni egbò yóò tún yọ sí láàárín ọdún kan, bí 65 láàárín ọdún márùn-ún. Awọ tó bo ojú egbò ti di, ṣùgbọ́n iṣan tó kú kò jí. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú aṣọ ìwégbò ìkẹyìn kúrò ni ó yẹ kí nọ́ọ̀sì, aláìsàn àti ẹnì kejì láti ilé jókòó, kí wọ́n yan ohun tí wọn yóò so àyẹ̀wò mọ́, kí wọ́n wo bàtà tí ó ń wọ̀ lọ sílé, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ ìpàdé sílẹ̀, tí kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ.